Ọmọ Oníjangilọ́fà Tó Ń Tún Kíláàsì Kẹta Kà

Ọmọ ọdún 11 ni, ìgbà kẹta sì nìyẹn tí wọ́n máa ní kó jókòó sí kíláàsì kẹta. Ó kà á ní Ọ̀wọ̀, ó kà á ní Ìkàrẹ́. Nígbà tó dé Àkúrẹ́, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan lápá Òkè-Àró, wọ́n béèrè ìwé tó yẹ kó gbà níbi tó ti ń bọ̀, kò ní, ni wọ́n bá tún fi í sí kíláàsì kẹta. Àwọn tó jókòó tì í kò ju ọmọ ọdún 8 lọ. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi, tísà rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí ọmọ náà kò gba ìwé, pé kì í wá déédéé, pé ó ń sùn ní kíláàsì, àti pé bí wọ́n bá bá a wí, ńṣe ló máa ń wo ènìyàn lójú láìfọhùn.

Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni mò ń ṣe káàkiri àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo kọ èyí fún àwọn tí a jọ ń ṣe é, àti fún àwọn tísà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè já sí kíláàsì wọn lọ́la. Mo yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìdílé náà mọ̀.

Jangilọ́fà ni iṣẹ́ tí ìdílé ọmọ náà ń jẹ. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ìbejì, ní jangilọ́fà onírin kan tó ní ẹṣin mẹ́jọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì yí po. Ó ní ilé rọ́bà ńlá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní báúnsì. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kan àti spíkà kan tí ohùn rẹ̀ ti ha. Òun fúnra rẹ̀ a máa pidán díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú: á fa aṣọ gígùn jáde lẹ́nu, á sọ ọgọ́rùn-ún náírà di ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àwọn àgbàlagbà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Ìyá Ìbejì ń ta gúgúrú àti èpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ìbejì, ọkùnrin méjèèjì, tí wọ́n ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún, ló ń ti jangilọ́fà. Ọmọ tí à ń sọ yìí ló kẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ló ń kó gbogbo wọn pẹ̀lú ẹrù, yàrá méjì tí wọ́n sì háyà ní Àkúrẹ́ ni wọ́n máa ń sá òjò sí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ náà fi ń fìdí rẹmi, kó gbé kàlẹ́ńdà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti iléèwé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó sì parí ní oṣù keje. Ti Bàbá Ìbejì ńkọ́? Oṣù kẹsàn-án kan náà ni ọdún Ìgógó ní Ọ̀wọ̀, tí Ọlọ́wọ̀ máa ń múra bí obìnrin, tí irun rẹ̀ á di dídì, tí ìlú á kún fún ọjọ́ 17. Jangilọ́fà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni òmìnira, ibi tí pápá bá ti wà ni wọn á lọ. Oṣù kejìlá, àwọn ará ilé tó wà ní Èkó á ti dé, Àkúrẹ́ àti Oǹdó á kún, ohun tí wọ́n bá sì rí nígbà Kérésìmesì sí ọdún tuntun ni wọ́n á fi sanwó ilé. Lẹ́yìn rẹ̀, Àjíǹde. Ní oṣù karùn-ún, ọdún Orósùn ní Ìdànrè, àti ọjọ́ 27 oṣù náà tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé. Iléyá náà wà níbẹ̀, èyí tó máa ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún, tí kò sì jẹ́ kí ètò wọn dúró sójú kan. Láàárín gbogbo èyí, ọjà ọrún-ọrún ni wọ́n ń ná ní àwọn ìlú kéékèèké.

Òjò nìkan ló ń dá wọn dúró. Báúnsì tó bá tutù, ọmọ á yọ̀ ṣubú nínú rẹ̀; jangilọ́fà kì í sì í yí nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, oṣù kẹfà àti oṣù keje ni wọ́n máa ń jókòó sí Àkúrẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ máa ń wọ iléèwé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka taàmù méjì ààbọ̀, tí wọ́n ń múra ìdánwò tí wọ́n fi ń gòkè. Á jókòó ṣe ìdánwò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, á gba òdo, wọ́n á ní kó tún kíláàsì náà kà.

Ohun tí iléèwé kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gbé òfin jáde. Òfin náà wà lóòótọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pọn dandan, òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, èyí tí a mọ̀ sí UBE, ti 2004 sì fi ìyà sí i fún òbí tó bá kọ̀: ìbáwí ni àkọ́kọ́, tó bá tún ṣe é, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n fi ọmọ rán an sílé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìdílé náà ti kó ẹrù wọn lóru, wọ́n gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ. Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀: ẹni tó ń pa ₦2,000 ní ìrọ̀lẹ́ ọdún kan kò sá nítorí ₦2,000. Ìyá Ìbejì sọ fún mi nígbà tó yá pé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló gbìyànjú láti ka lẹ́tà náà, ó rí “ọlọ́pàá” àti “ọmọ” nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, wọ́n sì gbà pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ni. Ọmọ tó lè kà á fún wọn dáadáa ti sùn. Taàmù odindi kan lọ báyẹn láìsí iléèwé rárá.

Inú oṣù kìíní, tí owó ọdún ti tán, ni wọ́n padà sí Àkúrẹ́, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ dé ọwọ́ mi. Ohun tí gbogbo wa fẹnu kò sí, iléèwé, ìjọ wọn, àwọn aládùúgbò, ni ohun tí Yorùbá máa ń ṣe bí iṣẹ́ òbí bá ń rìn: kí wọ́n gbé ọmọ fún ìyá àgbà. Ìyá Bàbá Ìbejì wà ní Oǹdó, ó ní ilé, ara rẹ̀ le, iléèwé kò jìnnà sí i. Bàbá Ìbejì gbà, àmọ́ kò gbà tinútinú. Ìyá Ìbejì sunkún.

Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ o. Ọmọ ń sùn lásìkò, ó ń jẹun lásìkò, ìwé kíkà rẹ̀ ń gún régé. Tísà tó wà níbẹ̀ sọ pé kò ya òpè rárá. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, á lọ dúró sí gáréèjì, á máa béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ pé ibo ni wọ́n ti rí jangilọ́fà. Àwọn awakọ̀ mọ bàbá rẹ̀, wọ́n á sọ fún un. Ìyá Àgbà rò pé àárò ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Gbogbo wa ni a rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò taàmù kejì bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ìbejì yọ lójijì, ó ní òun wá mú ọmọ òun. Ìyá Àgbà bínú, ó tì ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n pè mí.

Ìbínú ni mo bá lórí ìjókòó nígbà tí mo dé Oǹdó. Ìyá Àgbà ò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá Ìbejì dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ dáadáa. Ó ní, “Ańtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò kọ ìwé o. Ta ni ò fẹ́ kí ọmọ òun kàwé? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti dàrú.”

Mo ní, “Bàbá, báwo ni iṣẹ́ ṣe máa dàrú nítorí ọmọ ọdún 11?”

Ó fi ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó yọ ìwé ẹ̀sáìsì kan tí igun rẹ̀ ti ká jọ, tí òróró èpà ti ta sí. Ó gbé e fún mi bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún ayálégbé tuntun.

Ọwọ́ ọmọ náà ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó fa ìlà sí i, ìpín mẹ́rin. Ní apá òsì, orúkọ ìlú àti ọjọ́ ọjà. Lẹ́yìn rẹ̀, “E” pẹ̀lú igi kéékèèké, igi kan fún ìyípo kan tí ẹṣin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kún, ààbọ̀ igi fún èyí tí kò kún. Ìpín kẹta, “B”, ti báúnsì, àti iye ìṣẹ́jú. Ní apá ọ̀tún ni ìnáwó wà: “epo jen”, “agbero”, “owo ile”, “omo onile”, àti èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù, “Baba mu 500”, “Baba mu 300”, “Baba mu sugbon o ni oun o mu”. Kò sí àmì ohùn kankan lórí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àṣìṣe kan nínú àròpọ̀ rẹ̀. Láti oṣù kìíní lọ, ojú ewé ṣófo.

Bàbá Ìbejì wá tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Òun kò mọ̀wé, ìyàwó òun kò mọ̀wé, àwọn ìbejì fi iléèwé sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ nǹkan kan. Nígbà tí ọmọ yìí wà ní ọmọ ọdún bíi méje, wọ́n dé ìlú kan, wọ́n gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méjì, ẹni àkọ́kọ́ sì fún un ní rìsíìtì. Ní alẹ́, ọmọ gbé rìsíìtì náà, ó kà á síta lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ti àwọn tó ń ta símẹ́ńtì ni. “Láti ọjọ́ yẹn, Ańtí, mi ò na ọwọ́ sí owó láìjẹ́ pé ó dúró tì mí.” Nígbà tí ọmọ wà ní Oǹdó, wọ́n ti tún fi irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ gbá wọn, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sì ti ń yọ owó báúnsì sápò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Ọmọ tí wọ́n kọ “orí rẹ̀ kò gba ìwé” sí lára ni akọ̀wé àti akápò ilé-iṣẹ́ kan. Ẹrù tí kò yẹ ọmọdé ni o, mi ò ní pọ́n ọn sí rere. Ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà, kò sí òfin, kò sí ìyá àgbà tó lè mú un kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú lọ: kí a tó béèrè ìdí tí ọmọ kì í fi í wá, ẹ jẹ́ ká béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe nílé, ká sì béèrè ẹni tó máa ṣe é bí kò bá sí níbẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tí a ń kọ, kò sí àyè fún ìbéèrè yẹn.

A padà sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọmọ. Mo jókòó tì í láti mọ ohun tó mọ̀ gan-an. Mo kọ 382 sórí 479, mo ní kó rò ó pọ̀. Ó tò ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò ó, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun gbé ọ̀kan lọ, ó gba òdo. Mo wá ní, “Ẹṣin mẹ́jọ, ọgọ́rùn-ún náírà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ọmọ méjì gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìyá wọn ra gúgúrú, ó yí lẹ́ẹ̀márùn-ún, gálọ́ọ̀nù epo kan lọ síbẹ̀.” Kí n tó mí sínú, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta gálọ́ọ̀nù lọ́jọ́ yẹn, ó sì sọ ohun tó kù. Mo fún un ní ìtàn Ìjàpá inú ìwé kíláàsì kẹta, ó ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà. Mo fún un ní rìsíìtì kan láti inú báàgì mi: ó wo déètì, ó wo síńtáǹpù, ó wo ìfọwọ́sí, lẹ́yìn náà ló wá ka ìyókù. Ẹni tó bá fi ìwé kíláàsì kẹta wọ̀n ọ́n á sọ pé kíláàsì kejì ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá fi ìṣirò ẹnu wọ̀n ọ́n á gbé e sí kíláàsì kẹfà. Kò sí iléèwé kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọ̀n ọ́n rárá; ìwé tí kò ní ni wọ́n fi mọ ibi tó máa jókòó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń bá òbí rẹ̀ ṣeré káàkiri kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Àwọn eégún alárìnjó, àwọn onídán, inú agbo ni wọ́n bí ọmọ sí, inú agbo ló ti ń kọ́ ìlù, ìjó, ewì àti òkìtì. Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, kó ìyàwó àti ọmọ mọ́ra káàkiri Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó máa pe ọmọ eégún alárìnjó ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ nígbà ayé wọn. Àmọ́ ọmọ alárìnjó kò nílò ìwé ẹ̀rí kíláàsì kẹfà láti di olórí agbo. Ọmọ oníjangilọ́fà nílò rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó sọ pé jangilọ́fà lòun máa jẹ láyé.

Ìjọba wa ní ètò fún àwọn tí kì í dúró sójú kan: láti 1989 ni àjọ ẹ̀kọ́ àwọn alárìnkiri ti wà, àwọn darandaran àti àwọn apẹja ló sì gbájú mọ́ jù. Oníjangilọ́fà kan ṣoṣo nínú bọ́ọ̀sì kan kò sí nínú rẹ̀, nítorí ètò yẹn ń wá agbo ènìyàn tó ń rìn pọ̀. Ibòmíràn ni mo ti rí ohun tó sún mọ́ tiwa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń gbé ìpàtẹ jangilọ́fà kiri pọ̀ débi pé wọ́n ti ní ẹgbẹ́ láti 1889. Òfin ẹ̀kọ́ wọn ti 1996 mọ̀ pé irú òbí bẹ́ẹ̀ wà: bí iṣẹ́ bá ń gbé òbí kiri, tí ọmọ rẹ̀ sì wọ kíláàsì ó kéré tán ìgbà 200 lọ́dún, tí ìdajì ọjọ́ kan jẹ́ ìgbà kan, wọn ò ní dá a lẹ́bi. Wọ́n sì ní àmì kan nínú ìwé orúkọ, lẹ́tà T, tí tísà ń kọ sí ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú òbí rẹ̀. Kò “sá”, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ kò ní jáde kúrò nínú ìwé. Iléèwé kan ló jẹ́ ilé rẹ̀, ibi yòókù jẹ́ àlejò fún un. Ìyẹn ni mo gbé lọ bá ọ̀gá iléèwé ní Òkè-Àró.

Ọ̀gá náà kò tètè gbà. Ó ní bí òun bá fi orúkọ ọmọ tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ìwé wò á ní òun ń kọ orúkọ èké. Ó tọ̀nà. A kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, a so kàlẹ́ńdà Bàbá Ìbejì mọ́ ọn, ìlú sí ìlú, ọjọ́ sí ọjọ́, a ní kí wọ́n fún wa láàyè láti máa kọ “ó wà lójú ọ̀nà” dípò “kò wá”. Ó pẹ́ kí èsì tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Kàlẹ́ńdà yẹn ló sọ ọ́ di ṣíṣe. Lẹ́tà tó bẹ̀bẹ̀ lásán ì bá má kúrò lórí tábìlì.

Nígbà tí a ń ṣe kàlẹ́ńdà náà ni Ìyá Ìbejì sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò: jangilọ́fà kì í ṣí kí agogo méjì ọ̀sán tó lù. Àwọn ọmọdé ni oníbàárà wọn, àwọn ọmọdé sì wà ní iléèwé ní àárọ̀. Ní gbogbo ìlú tí wọ́n dé, ọmọ tiwọn nìkan ló ń jókòó ti báúnsì tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, tó ń retí kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní kíláàsì kó lè gba owó lọ́wọ́ wọn. Yàtọ̀ sí ọjọ́ ìrìn àti ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó ní kó má lọ sí iléèwé ìlú tí wọ́n bá wà. Oorun nìkan ni ìṣòro, nítorí wọ́n máa ń ṣíwọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti jìn.

A wá ṣe ìwé kan fún un, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí, iléèwé ilé rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ọ̀gá àti tèmi, àti gbólóhùn méjì tó ń bẹ tísà tó bá gbà á kó jọ̀ọ́ jẹ́ kó jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò tíì mọ̀, a kò kọ “kíláàsì kẹta” tàbí “kíláàsì karùn-ún”, ohun tó lè ṣe ni a kọ: ó lè pín owó sọ́nà mẹ́ta, kò tíì lè ka ojú ewé kan láìdúró. Síkíìmù taàmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ètò ohun tí tísà máa kọ́, tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Tísà ìlú tó bá dé á kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí a kọ́, bó ṣe ṣe é, ohun tó kù.

Ní ti iṣẹ́ ilé, a fi àdéhùn sí i. Iṣẹ́ akápò di ti Ìyá Ìbejì. Ó ní, “Bí ọmọ tí mo bí bá lè kọ ọ́, kí ló dé tí èmi ò ní lè kọ ọ́?” Ó wọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà òjò, nígbà tí wọ́n bá wà lójú ọ̀nà, ọmọ ló ń kọ́ ọ, láti inú ìwé ẹ̀sáìsì olóróró èpà yẹn. A tún ní kí ọmọ máà sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́, kí ó máà ka owó níta lóru, kó sì ti wà nínú bọ́ọ̀sì kí agogo mẹ́sàn-án tó lù ní ọjọ́ tí iléèwé bá wà lọ́jọ́ kejì. Ó ní àpá kan lẹ́yìn ọwọ́ òsì, níbi tí ìdè jangilọ́fà ti gé e. Àwọn ìbejì ní kékeré ni. Kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ń ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kó má jẹ́ kí ìfẹ́ tó ní sí wọn fọ́ òun lójú sí irú nǹkan yẹn.

Ṣé ìwé náà ṣiṣẹ́? Ní àwọn ìlú kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ní àwọn ìlú kan, rárá. Lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, iléèwé kan ní kí Bàbá Ìbejì san owó PTA, ẹgbẹ́ àwọn òbí àti tísà, ti odindi ọdún kí ọmọ tó lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibòmíràn, tísà kan kọ “Ó wá” sí gbogbo ìlà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò kọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré kan, tísà kan tí mi ò tíì rí lójú rí kọ ojú ewé méjì. Ó rí i pé ìṣirò pínpín gígùn ń dà ọmọ náà láàmú nínú ìwé, ó ní kó pín owó alẹ́ àná fún àwọn ìbejì àti ìyá rẹ̀, kó sì kọ ohun tó bá ń ṣe lórí sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn ni nọ́ńbà inú ìwé àti owó ọwọ́ rẹ̀ ti bá ara wọn pàdé. Mo ti mú ọgbọ́n yẹn lò fún àwọn ọmọ mìíràn tó ń tajà lẹ́yìn iléèwé, ó sì ń jẹ́.

Ìwé kíkà ló pẹ́ jù. Tísà rẹ̀ ní Òkè-Àró ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí fóònù Ìyá Ìbejì, ó ń ka ìtàn kan, ọmọ á sì kà á padà. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n á dúró títí wọn á fi dé gáréèjì. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé, a ní kó jókòó sí kíláàsì karùn-ún. Tísà kíláàsì náà takú díẹ̀, ó ní ẹni tí kò ka kẹrin kò lè ka karùn-ún; ọ̀gá bi í pé ṣé ó fẹ́ kó tún kẹta kà nígbà kẹrin ni. Ó parí karùn-ún, ó parí kẹfà, ó ṣe ìdánwò àṣewọlé, ó yege.

Ibi tí wàhálà wà báyìí ni iléèwé girama. Ìwé kan ṣoṣo ló tó nígbà tí tísà kan ṣoṣo ń kọ́ gbogbo nǹkan. Ní kíláàsì kìíní girama, iṣẹ́ pọ̀, tísà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì sì ní àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ṣe é gbé sínú bọ́ọ̀sì. A ti fi àwọn yẹn sí oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí wọ́n bá wà ní Àkúrẹ́, a sì ti ní kí tísà kíláàsì nìkan máa pa fáìlì rẹ̀ mọ́. Ohun tí a kò tíì yanjú ni máàkì ìdánwò àárín taàmù. Iléèwé náà sọ pé ìdánwò tí ọmọ bá ṣe ní ìlú mìíràn kò lè wọ inú máàkì àwọn. Èrò tèmi ni pé kí tísà ìlú náà fi ìwé ìdánwò sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́, kó buwọ́ lù ú, kí tísà Àkúrẹ́ sì máàkì rẹ̀. Ọ̀gá girama ní òun á rò ó. Kí wọ́n tó gbéra lọ sí Ìgógó tó ń bọ̀ la fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti parí.